Kò Sí Ẹsẹ̀ Tó Wá sí Akron Lọ́jọ́ Náà

Àdúgbò Akron,
Porto-Novo.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àìlà.

Kader, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Lyon níbi tí o wà, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí òtútù ilẹ̀ yẹn má ṣe mú yín ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá béèrè mi, mo wà. Orúnkún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, oúnjẹ sì ń lọ lẹ́nu, mo dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o kò béèrè mi o, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ni mo ti kọ sílẹ̀ yẹn.

Daouda tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló fẹ́ rìnrìn àjò wá sí ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìyá rẹ ló fi ipá mú mi lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nígbà náà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ìwé kíkọ ṣe lọ́jọ́ orí mi, ó ní ọjọ́ kan á wà tí màá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu ò ní lè gbé. Ọjọ́ náà ti dé, òun ni kò sí nílé.

Fadilatou ọmọ iṣẹ́ mi sọ fún mi ohun tí o bá Saïbou àbúrò bàbá rẹ sọ. O ní kó sọ fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti kọ̀ láti wá wẹ ìyá rẹ, èmi àti ìwọ ti di àjèjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé ara ìyá rẹ kò tíì le. Mi ò kọ̀wé yìí láti bẹ̀ ọ́, nítorí mi ò ṣẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, kí o tó mọ irú èèyàn tí o fẹ́ kà mí sí.

O mọ iṣẹ́ mi. Yàtọ̀ sí ọṣẹ dúdú tí mò ń sè tà, èmi ni mò ń wẹ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó bá kú ní Akron àti àyíká rẹ̀. Pákó ìwẹ̀, búta, káfúrà àti lọ́fíńdà, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Bí ikú bá ṣẹlẹ̀ níbì kan, ẹnì kan á fẹsẹ̀ rìn wá pè mí. Ẹni náà kì í jókòó. Bí o bá gbé omi fún un, kò ní gbà á. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Màmá, wọ́n ń ké sí yín." Bí mo bá ti rí ẹni tó dúró tí kò gba omi, mo ti mọ ohun tó gbé e wá, màá fọwọ́, màá gbé ẹrù mi, màá tẹ̀lé e. Bí a ṣe bá a nìyẹn lọ́wọ́ ìyá wa, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi kọ́ Fadilatou nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mi ò tíì gbọ́ ikú ẹnikẹ́ni lórí tẹlifóònù rí láyé mi.

Nígbà tí ìyá wa kú, èmi àti ìyá rẹ nìkan la jọ wẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ sọ fún mi pé, "Adja, ìwọ ni wàá wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi tútù sí mi lára." Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ?" Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ń ṣáájú níbi gbogbo. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mi ò pè é ní "ẹ̀yin". Díẹ̀ ló fi jù mí lọ, a jọ sùn lórí ẹní kan ni, ó sì ní bí mo bá pe òun ní "ẹ̀yin" òun á máa wẹ̀yìn wò bóyá àlejò wọlé. Bó ṣe ní kí n wẹ òun nìyẹn, mo sì ní màá ṣe é. Àwa méjèèjì kò tún sọ ọ́ mọ́, nítorí kò sí ohun tó kù láti sọ.

Wàyí o, ohun tí o kò mọ̀ nìyí. Tẹlifóònù ńlá tí o rà ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n fi àwòrán mi sí, tí Saïbou fi nọ́ńbà rẹ̀ sí gúrúùpù ẹbí, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo gbé e fún Hanane ọmọ ọmọ mi nígbà tó wọ yunifásítì ní Calavi. Gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, orí tẹlifóònù ni àwọn olùkọ́ ń fi í sí. Ọmọ tí kò bá ní i, á máa wo ojú ẹni tó ní i. Hanane ti lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀kọ́ tán kó tó yá a. Èmi ní tèmi, mi ò lè máa ra fọrfẹ́ tó ń mú kí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Bí mo bá rà á láàárọ̀, kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ti tán. Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, inú àpótí ló ń gbé, mo fi aṣọ wé e, mo sì ń ṣọ́ ọ kí eku má baà jẹ ẹ́. Mo gbé e fún ọmọ tó máa lò ó. Èmi ò sì ra òmíràn.

Ìyá rẹ bínú sí mi nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ra nǹkan fún ọ láti òkè òkun, o gbé e fún ọmọ tìrẹ." Mo ní Hanane náà ọmọ rẹ̀ ni. Ohùn wa ròkè díẹ̀, gbogbo àwọn tó wà nílé rẹ̀ ní Houinmè sì gbọ́ pé à ń jà, wọn ò kàn mọ ohun tó fà á. Nígbà tó di àárín ààwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá bá mi ṣínu, ó jókòó tì mí, ó ní ẹ̀kọ́ ni Hanane ń kọ́, ká má ṣáà sọ fún Kader kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń lọ sí Houinmè, tẹlifóònù tirẹ̀ ni a jọ fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó gbọ́ ariwo wa kò sí níbẹ̀ nígbà tí a jọ ń jẹ àkàrà.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ, mo wà nílé. Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà láti ìdájí, mò ń ro ọṣẹ lórí iná, ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ó sọ pé àyà ń dun òun, kí wọ́n tó rí mọ́tò tó máa gbé e, ó ti dákẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun àìlà, bí ẹ̀sìn wa ṣe fẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mò ń kọrin lójú iná. Aládùúgbò mi kan kọjá, ó kí mi, mo sì bá a ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá rẹ jáde nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mò ń bu ọṣẹ sínú igbá.

Ó di àlàásárì kí Fadilatou tó wọlé. Ó wá, ó sì jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó, ó ní kí n fún òun lómi. Nítorí náà mi ò fi ọkàn sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbé omi fún un tán ni mo gbóòórùn káfúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ta lo lọ wẹ̀ tí o kò pè mí?" Ó wojú mi, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ara yín kò yá ni ẹ ò fi wá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn." Mo ní, "Èèyàn wo?" Ife omi náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Mo gun alùpùpù sẹ́mìjàn lọ sí Houinmè pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ń se ọṣẹ. Wọ́n ti to àga rọ́bà sí ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó wọ ilé onílé. Obìnrin kan tó gbọ́ ariwo èmi àti ìyá rẹ nígbà náà kùn pé, "Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ ló tó wá." Mo bi Saïbou pé kí ló dé tí kò ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti àárọ̀ ni mo ti fi í sórí gúrúùpù. Mo tún pe pọ́tábù yín, wọ́n ti pa á." Ó na tẹlifóònù rẹ̀ sí mi kí n wò ó. Lóòótọ́, orúkọ mi wà níbẹ̀: Tántì Akron, pẹ̀lú àwòrán mi tí mo wé ìborùn funfun, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ mi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Gbogbo àwọn tó kù rò pé èmi tí mò ń wẹ òkú, èmi ni màá kọ́kọ́ gbọ́, kò sì sí ẹni tó gbà pé òun ló yẹ kó dìde. Mọ́sálásí Houinmè sì ti ní ẹrù ìwẹ̀ tirẹ̀ báyìí, pákó àti búta tuntun, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

Mi ò bá Saïbou jà. Ojú rẹ̀ ti wú, òun náà fẹ́ràn ìyá rẹ. Mo lọ jókòó sínú yàrá ìyá rẹ, níbi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, tí ilẹ̀ ṣì tutù, mo sì sunkún débi pé Fadilatou ní láti dì mí mú. Ó wí fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí pé, "Màmá, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo lò, bí ẹ ṣe kọ́ mi." Ọlọ́run á san án fún un. Òun ló wẹ ìyá rẹ, ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ pé màá ṣe é.

Hanane ti Calavi dé lọ́jọ́ kejì. Inú yàrá ìdánwò ló wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn ni tẹlifóònù fi wà ní pípa, nígbà tó sì jáde kò ní fọrfẹ́. Ìgbà tó rí owó fi rà á lálẹ́ ni ìròyìn tó wọlé, pẹ̀lú àdúà gbogbo ẹbí lábẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé tẹlifóònù náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ gbà á, mi ò fẹ́ ẹ mọ́." Mo wo ọmọ náà. Ìdánwò rẹ̀ kò tíì tán, gbogbo ohun tó fẹ́ kà sì wà nínú nǹkan tó ń dá padà fún mi. Mo tì í sí àpò rẹ̀, mo ní kó máa lọ kàwé. Kader, mi ò kábàámọ̀ pé mo fún un. Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lónìí, màá tún un ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ilé wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàdánù kí ẹnì kejì tó lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Nílé àwọn ẹlòmíràn, àwọn ọmọdé ń fi irú rẹ̀ ṣeré.

Bí mo ṣe ń rò ó ni mo rántí Ìyá Soumanou ní Kraké, ìbátan wa láti ọ̀dọ̀ ìyá, tó ń ta gaàrí fún àwọn awakọ̀ nítòsí ẹnubodè. Nọ́ńbà Soumanou ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi sí gúrúùpù. Soumanou sì ti gbé ẹrù lọ sí Èkó, káàdì tó ń lò níbí kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo bi wọ́n ní Houinmè bóyá ẹnì kan ti sọ fún ìyá àgbàlagbà yẹn, wọ́n ní ó wà nínú gúrúùpù. Mo wọ mọ́tò lọ sí Kraké. Nígbà tó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n jókòó, ó bu omi wá. Ẹja gbígbẹ kan tó ti wé sínú ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ti Abibatou, ìyá rẹ, ni, kí n bá òun mú un lọ. Mo dúró. Mi ò gba omi náà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì rọra gbé igbá omi náà sílẹ̀. Ó ní, "Abibatou?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A jọ sunkún, lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó.

Nígbà tí àdúà ọjọ́ kẹjọ kù díẹ̀, Saïbou wá sí Akron. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí orígun ọ̀nà, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ó ní òun wá sọ ọjọ́ àti àsìkò fún mi, kí n má baà gbọ́ ọ níta. Mo gbé àga fún un, ó jókòó, ó sì mu omi. Níbi àdúà náà, ó dìde láàárín èèyàn, ó ní Tántì Akron kò kọ̀ láti wá, pé àwọn ni kò rán ẹnikẹ́ni sí i. Mo rò pé kò tíì sọ ìyẹn fún ọ, nítorí pé ó rọrùn láti sọ ọ́ fún àwọn tó wà nítòsí. Ó kàn ń ṣòro fún un láti sọ ọ́ fún ìwọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí, òun gan-an ló mú kí n kọ̀wé. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ di aṣọ funfun náà, Saïbou gbé tẹlifóònù sókè kí ìwọ lè rí ìyá rẹ láti Lyon. Alfa ní kí wọ́n má tọ́jú àwòrán òkú, nítorí náà kò sí ohun tó kù lórí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ tí o wà lókè òkun, o rí ojú rẹ̀. Èmi tí mo wà ní Akron, mi ò rí i. Mo bi Fadilatou, ó ní omijé kò jẹ́ kí òun wò ó dáadáa. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè bi.

Jọ̀wọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó rọ̀, àbí ìrora wà níbẹ̀? O rántí pé bó bá ń sùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan máa ń gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jiyàn. Láti kékeré ni mo ti máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ó gbé e sókè? Má fi sórí tẹlifóònù Hanane, kò yẹ kí ọmọdé ka irú rẹ̀ fún mi. Fi ọwọ́ kọ ọ́, kí o fún Daouda nígbà tó bá ń bọ̀. Màá dúró dè é.

Kí Ọlọ́run forí jin Abibatou, kó fẹ ibojì rẹ̀ lójú. Kó tu ìwọ náà nínú, nítorí mo mọ̀ pé wíwo ìyá ẹni nínú gíláàsì lásán, tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn án, kì í ṣe nǹkan kékeré. Kó dá ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ sí, kó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gbà, kó sì tún mú èmi àti ìwọ jókòó lórí ẹní kan náà kí orúnkún mi tó kọ̀ mí pátápátá.

Èmi ni àbúrò ìyá rẹ, tí kò tíì di àjèjì sí ọ,

Adjaratou, Tántì Akron.

Mo tún rántí: mo ti sọ ọ́ fún Saïbou àti Fadilatou, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá kan èmi, ẹ lè fi sórí gúrúùpù bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan sí Ìyá Soumanou ní Kraké. Kí ẹni náà má jókòó, kó má sì gba omi. Á yé e.